Ìdí Tí Wọ́n Fi Ń Dá Redfish Ńlá Padà Sómi

Ní Louisiana, ìpínlẹ̀ kan létíkun gúúsù Amẹ́ríkà, redfish (ẹja òkun kan) tí kò bá tó ínǹṣì 18, omi ló ń padà sí. Èyí tó bá ju ínǹṣì 27 lọ, omi náà ló ń padà sí. Èyí tó bọ́ sí àárín méjèèjì nìkan ni àpẹja lè gbé lọ sílé, mẹ́rin péré lójúmọ́. Ní Texas, àárín ínǹṣì 20 sí 28 ni, mẹ́ta lójúmọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Florida, àárín 18 sí 27 ni, ẹyọ kan ṣoṣo.

Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Houston, tí wọ́n bá mú un lọ fi ìwọ̀ pẹja létíkun Galveston, kì í bá wọn jiyàn lórí ti kékeré. Ta ni kò mọ̀ pé ó yẹ kí a jẹ́ kí ọmọ ẹja dàgbà? Ti ńlá yẹn ni kì í yé e. Ẹja tó ju ọgbọ̀n ínǹṣì lọ, tó lè bọ́ odindi ilé fún ọjọ́ mélòó kan, kí èèyàn gbé e dání, kí wọ́n yà á ní fọ́tò, kó tún wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà sínú omi?

Bó bá béèrè, èsì tí wọ́n sábà máa ń fún un ni pé àwọn tó wà láàárín yẹn ti bímọ tán, òun ni òfin fi ní kí wọ́n máa pa wọ́n. Èsì yìí ló ń bí èèyàn nínú, torí òdìkejì òtítọ́ gan-an ni. Lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni òfin ẹja púpọ̀ ṣe rí: kí ẹja kọ́kọ́ yé ẹyin lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, kó tó bọ́ sínú ọbẹ̀. Ti redfish kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń tó ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bí, nígbà yẹn ó ti ń kọjá ínǹṣì 27. Ọ̀pọ̀ jù lọ redfish tí wọ́n ń gbé lọ sílé ni kò tíì yé ẹyin kan rí láyé. Ọmọ ni òfin ní kí wọ́n máa pa, ìyá ló dá sí.

Ibi tí wọ́n ti ń bí i ló máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yéni. Láti oṣù Kẹjọ títí wọ oṣù Kọkànlá, redfish àgbà máa ń kóra jọ nítòsí ẹnu ibi tí òkun ti ń wọ inú ọ̀sà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn akọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ìlù lábẹ́ omi. Iṣan ara wọn ni wọ́n ń gbọ̀n mọ́ àpò afẹ́fẹ́ inú ikùn wọn. (Croaker tí wọ́n ń tà lọ́jà Èkó, ìdílé kan náà ni wọ́n. Àrà yìí kan náà lòun ń dá tó fi ń kùn bí wọ́n bá fà á jáde nínú omi.) Abo kan lè tú ẹyin tó lé ní mílíọ̀nù kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó tún tú òmíràn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹyin náà á léfòó lórí omi iyọ̀, láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan ó ti pa. Ohun tó jáde nínú rẹ̀ kò tíì lè wẹ̀ dé ibi kankan. Omi òkun tó ń kún ló ń gbé e wọ inú ọ̀sà, títí yóò fi já sáàárín koríko àti irà, níbi tí edé àti akàn kéékèèké pọ̀ sí. Ibẹ̀ ni yóò ti lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó di agbami, ó sì lè gbé tó ogójì ọdún.

Inú ọ̀sà àti irà yẹn gan-an ni àwọn àpẹja wà. Bí wọ́n ṣe ń pa á kò gba àlàyé gígùn: omi tó bá ń fà kúrò nínú irà a máa kó edé àti akàn jáde, redfish á sì lọ dúró dè wọ́n. Fídíò tó ṣàlàyé ìyẹn pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí yanrìn.

Ẹ jẹ́ ká ní redfish jẹ́ èrò ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Benin. Àwọn tó ń ṣòfin mọ̀ pé àwọn kò lè lé adigunjalè kúrò lójú ọ̀nà, ni wọ́n bá há wọn mọ́ ojú kan, láti Ọ̀rẹ́ dé Òfósù. Kí èrò tó dé Ọ̀rẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bó bá ti kọjá Òfósù, ó bọ́ nìyẹn. Àárín méjèèjì ni wàhálà wà, nǹkan bí ọdún méjì ni redfish sì ń lò níbẹ̀. Olè kọ̀ọ̀kan ní iye tó lè jà lóòjọ́. Iye èèyàn tí wọ́n jà lánàá wá kọ́ ló ṣe pàtàkì. Nínú àwọn tó gbéra l'Ékòó, mélòó ló fojú ba Benin? Ní Louisiana, ìdá 30 nínú 100 ni òṣùwọ̀n wọn: nínú iye tí ì bá dé agbami ká ní kò sí àpẹja kankan, ó kéré tán ìdá 30 gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ẹni tó bá sì ti dé Benin á máa bímọ fún ogún, ọgbọ̀n ọdún, àwọn ọmọ á tún lọ wọkọ̀ l'Ékòó. Bí òtútù tàbí ìjì bá run ọmọ ọdún kan, ìyá ṣì wà. Olè tó jani tó sì ní ká máa lọ náà wà níbẹ̀: redfish tí wọ́n bá fà nífàkúfà nínú omi gbígbóná, tí wọ́n fi àgbọ̀n rẹ̀ gbé e kọ́ sókè fún fọ́tò, lè lúwẹ̀ẹ́ lọ lójú gbogbo èèyàn kó lọ kú síbòmíràn.

Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ní láti ka ẹja inú òkun. Rúlà kan ti tó: pa ẹnu ẹja dé, fún ìrù rẹ̀ pọ̀, kà á. Bí wọ́n bá sì yí i padà, tí wọ́n lọ dojú kọ ìyá, ojú Amẹ́ríkà ti rí i. Láyé àwọn ọdún 1980, Paul Prudhomme, alásè kan ní New Orleans, fi ata àti èròjà bo redfish, ó yan án nínú páànù irin tó gbóná janjan títí ara rẹ̀ fi dúdú, gbogbo ìlú sì ń fẹ́ jẹ ẹ́. Ti inú ọ̀sà kò tó mọ́. Àwọn ọkọ̀ ńlá gbé àwọ̀n lọ sí agbami, ọkọ̀ òfúrufú ń bá wọn wá ibi tí àwọn àgbà kóra jọ sí. Olè ti wọ Benin. Láti 1988 ni ìjọba àpapọ̀ ti kà á léèwọ̀ láti mú redfish kankan nínú omi tiwọn lójú agbami Gulf of Mexico, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí dòní. Ọ̀pọ̀ jù lọ èyí tí ilé oúnjẹ ń tà báyìí, wọ́n sìn ín ni.

Àlébù rẹ̀ náà ò fara sin. Òfin ka ẹja tí olè kọ̀ọ̀kan lè gbé, kò ka olè. Ẹni tó bá ti san owó ìwé àṣẹ ti wọlé nìyẹn, ọkọ̀ ojú omi àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ẹja sì ń dára sí i. Louisiana ń gba márùn-ún lójúmọ́ láti ínǹṣì 16, ó tún yọ̀ǹda pé kí ọ̀kan nínú wọn ju 27 lọ, títí wọ́n fi rí i pé àwọn tó ń dé agbami kò tó ìdá 30 mọ́. Oṣù Kẹfà 2024 ni wọ́n tó fún un pọ̀. Irà fúnra rẹ̀ sì ń lọ: láàárín 1932 sí 2016, ilẹ̀ etíkun tí omi gbà ní Louisiana lé ní 1,800 máìlì níbùú lóòró. Ibi tí ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí ni.

Texas ní tiẹ̀ ṣì fi ihò kan sílẹ̀. Ìwé àṣẹ wọn máa ń ní táàgì; ẹni tó bá so ó mọ́ ìdí ìrù redfish tó ju ínǹṣì 28 lọ lè gbé e lọ sílé. Wọ́n ní ẹyọ kan kò lè ba nǹkan jẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìyá tí ì bá tún bí fún ogún ọdún ni wọ́n fẹ́ fi se ọbẹ̀, ẹran rẹ̀ yi, aràn sì máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Oníkéékèèké náà ló dùn jù.