Ìmójúkúrò: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àtàǹpàkò àti fífò nínú géèmù

Ẹni tó bá ti jókòó pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Tanke, nílùú Ìlọrin, á ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí: nínú àwọn géèmù orí pèpéle, ìyẹn àwọn tí èèyàn á máa sáré tí á máa fò láti orí pèpéle kan bọ́ sí òmíràn, èwo ni ayé kò kà sí tó sì yẹ kí wọ́n kà sí? Ẹnì kan á ní Klonoa. Ẹnì kejì á ní Ristar. Ẹlòmíì á ní kò sí èyí tó tó Rocket Knight Adventures. Kò ní pẹ́ tí ẹnì kan láti ẹ̀yìn á fi sọ pé, “Èyíinì? Ọwọ́ ẹ̀ ò dáa. Mo tẹ̀ ẹ́, kò fò.”

Gbólóhùn yẹn ti ba irú àwọn géèmù bẹ́ẹ̀ lórúkọ jẹ́ ju ohunkóhun lọ, ẹjọ́ náà kì í sì í sábà tọ́. Láti mọ ìdí, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnì títí di ìgbà tí ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ ló yẹ ká wò.

Bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń fi orin sí i kò kàn wá níbí. Ohun kan péré ni ká dì mú: géèmù kì í wo ọwọ́ ẹni láìdákẹ́. Ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wò ó. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, á bi páàdì pé ṣé wọ́n ti tẹ bọ́tìnì, ṣé wọ́n ṣì dì í mú. Á ya àwòrán kan, á sì tún padà wá bi í. (Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ní Nàìjíríà, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń gbé àwòrán jáde. Géèmù tí wọ́n ṣe fún 60, bí wọn kò bá tún un ṣe, á falẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́fà níbẹ̀, ẹni tó fò á sì pẹ́ lókè ju bó ṣe yẹ lọ.)

Fífò inú géèmù kò jọ fífò tiwa rárá. Òkúta tí ọmọdé jù sí máńgòrò, bó bá ti kúrò lọ́wọ́, ó tán. Kò sẹ́ni tó lè pè é padà. Àwọn géèmù kan yan ọ̀nà òkúta yìí. Nínú Ghosts 'n Goblins tó jáde ní 1985 àti Castlevania ti 1986, ibi tó o bá dojú kọ kó o tó fò náà lo máa balẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n Super Mario Bros., tí òun náà jáde ní 1985, ṣe é lọ́nà mìíràn: bí bọ́tìnì bá ṣì wà ní títẹ̀ nígbà tí Mario, ẹni tí à ń darí nínú rẹ̀, ń gòkè, òòfà ilẹ̀ á fẹ́lẹ́, kété tí àtàǹpàkò bá kúrò, òòfà á le, á fà á wálẹ̀. Bọ́tìnì kan náà ló ń fò kékeré tó sì ń fò gíga. Òòfà ilẹ̀ méjì ló wà nínú ayé kan ṣoṣo, ara wa sì gbà á láìjanpata.

Ibi tó dùn jù lọ nìyí. Mú ẹnì kan tó ń sáré bọ̀ létí kòtò. Ó fẹ́ fò ní ìparí pèpéle gan-an, nítorí ibẹ̀ ni fífò ti máa ń gbéni jìnnà jù. Àtàǹpàkò rẹ̀ pẹ́ díẹ̀, tó bí àwòrán mẹ́ta nínú 60. Nígbà tí géèmù rí bọ́tìnì, ẹsẹ̀ ti kúrò lórí pèpéle, òfuurufú ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ lé òfin, kí ó já sínú kòtò ni. Ṣùgbọ́n géèmù mójú kúrò, ó jẹ́ kí ó fò bí ẹni pé ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Coyote time ni àwọn tó ń ṣe géèmù ń pè é, látara ẹranko inú kàtúùnù Amẹ́ríkà tó máa ń sá kọjá etí òkè tí kì í jábọ́ títí á fi wo ilẹ̀. Nínú Celeste, tó jáde ní 2018, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni ìmójúkúrò yìí: àwòrán mẹ́fà péré. Nínú mẹ́fà yẹn ni ẹ̀mí èèyàn wà.

Ẹni tó bá ti wo eégún Eléwe nílẹ̀ Ìgbómìnà á tètè lóye rẹ̀. Ojú onílù kì í kúrò lára ẹsẹ̀ eégún. Oòrùn mú, eruku ń sọ, aṣọ ti mu òógùn; eégún gbé ẹsẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé e kalẹ̀. Onílù tí iṣẹ́ kò tíì wọ̀ lára á lù ú síbi tó yẹ kó lù ú, gbogbo agbo á sì rí i pé ẹsẹ̀ ṣì. Àgbà onílù á fa ohùn ìlù díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn mí sínú. Ẹsẹ̀ á balẹ̀, ìlù á balẹ̀ tẹ̀ lé e, agbo á sì hó yèè. Bó bá sì jẹ́ pé eégún ló kánjú, tó ti ju ara kí ìlù tó pè é, àgbà onílù kò ní ṣe bí ẹni tí kò rí i. Á fi sọ́kàn, ìlù tó bá kàn ló máa fi dá a lóhùn. Eégún ni wọ́n á yìn, owó á bọ́ sílẹ̀ fún eégún. Eégún fúnra rẹ̀ lè má mọ̀ pé ẹnì kan bò ó láṣìírí.

Géèmù ń ṣe apá kejì yìí náà. Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì nígbà tó ku díẹ̀ kí ẹsẹ̀ kanlẹ̀, géèmù tó mọṣẹ́ kò ní da títẹ̀ yẹn nù. Á gbà á pamọ́, àwòrán tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀ gan-an ló máa fò. Celeste tún fi kún un: bí orí bá kọlu igun pèpéle díẹ̀ báyìí, á rọra tì í sí ẹ̀gbẹ́ kó lè kọjá, bí èèyàn bá sì di bọ́tìnì mú ní ṣóńṣó fífò, á dín òòfà kù sí ìdajì níbẹ̀, kí ojú lè ríbi tí ẹsẹ̀ máa bà sí. Ọgbọ́n ńlá ni. Láti ìgbà tí ojú bá ti rí nǹkan títí ìka á fi tẹ̀ ẹ́, ó máa ń tó ìdá kan nínú márùn-ún tàbí nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá. Géèmù tó bá fi rúlà wọn irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, ìyà ló fi ń jẹ ẹni tó ń fi í ṣeré.

Àbùkù kan ló wà nínú rẹ̀. Nítorí pé ìmójúkúrò náà fara pamọ́, ọwọ́ ara wa la máa ń yìn. Ìgbà tí a bá wá pàdé géèmù tó fi tirẹ̀ síbòmíràn, a ó ní kò gbọ́ràn.

Wo Ristar. Fífò rẹ̀ kò ga, kò sì yá. Ẹni tó bá fi Mario wọ̀n ọ́n á jù ú sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣùgbọ́n apá ni Ristar fi ń ṣiṣẹ́: apá tó ń nà gùn, tó ń di ọ̀pá mú, tó ń fa ọ̀tá mọ́ra kó tó kàn án lórí. Etí ní tirẹ̀ ni Klonoa fi ń ṣe é. Di bọ́tìnì mú lẹ́yìn tó o ti fò, á máa fi etí gbọọrọ méjèèjì lu afẹ́fẹ́, á sì dúró lókè díẹ̀. Ìmójúkúrò ni ìyẹn náà, àmọ́ wọ́n gbé e lé àtàǹpàkò wa lọ́wọ́ ní gbangba. Kò sí géèmù tó ṣe ọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń fi í ṣeré tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí wọn kò fi gbajúmọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu. Ristar jáde ní 1995, nígbà tí Mega Drive, ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ṣe é fún, ti ń darúgbó tí àwọn ẹ̀rọ tuntun, Saturn àti PlayStation, ti dé. Klonoa jáde ní 1997, ọdún kan lẹ́yìn Super Mario 64, nígbà tí gbogbo ayé ń wá géèmù tí èèyàn lè rìn yí ká nínú rẹ̀.

Ọ̀tá kan tún kù tí kì í ṣe ti géèmù rárá: tẹlifíṣọ̀n. Èyí tó lẹ́yìn gbàǹgbà láyé àtijọ́, bí àwòrán bá ṣe ń dé ló ń gbé e jáde. Èyí tó fẹ́lẹ́ tí a ń gbé kọ́ ògiri lónìí á kọ́kọ́ tún àwòrán ṣe kó tó fi hàn, ìyẹn sì lè jẹ ọ̀pọ̀ àwòrán nínú 60. Ó lè ti jẹ àwòrán mẹ́fà inú ìmójúkúrò yẹn tán kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú àtòjọ ètò tẹlifíṣọ̀n, ó sábà máa ń ní ibi tí wọ́n kọ Game Mode sí. Tan-án, àtúnṣe yẹn á dín kù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹni tó sọ pé òun tẹ̀ ẹ́ tí kò fò padà sídìí Rocket Knight Adventures ti 1993. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn Sparkster, akọni inú rẹ̀, kì í gbéra nígbà títẹ̀. Di bọ́tìnì ìjà mú, jẹ́ kí ìlà agbára òkè kún dáadáa, kọjú páàdì síbi tó ò ń lọ, kó o wá ju bọ́tìnì sílẹ̀. Á fò.