Ṣé afọ́jú ló ń fọ̀nà han afọ́jú?

Ẹ sọ fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò dé pé kó jẹ́ kí ọmọ náà máa jókòó ti ẹnì kan tí irú àìsàn ọpọlọ bẹ́ẹ̀ ti ṣe rí. Á kọ́kọ́ wò yín tìyanu-tìyanu. “Bí afọ́jú bá ń fọ̀nà han afọ́jú, ṣé inú kòtò kọ́ ni wọ́n máa bára wọn?” Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó rò pé èyí tó wà lára ọ̀kan á tún ta bá èyí tó ń gbádùn bọ̀.

Àìsàn ọpọlọ kì í ràn bí Àpólò ojú. Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, ilé àwọn ará abúlé ìtòsí ló fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí, pẹ̀lú ẹbí kan tó ń se oúnjẹ fún wọn. Wọ́n á gbàtọ́jú lójúmọmọ, alẹ́ á lẹ́, wọ́n á padà sáàárín abúlé.

Ibi tí òwe ìyá ti ṣìnà gan-an ni pé ẹni tó ti jáde kúrò nínú kòtò ti ríran. Ó mọ ibi tó wà, torí ó ti já sí i rí.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, Bill Wilson, ará New York, wá ṣòwò nílùú Akron ní Amẹ́ríkà. Ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé ẹ̀ jẹ́, àmọ́ ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti fẹnu kàn án mọ. Òwò yẹn forí ṣánpọ́n, ọtí sì tún ń pè é. Ló bá ń wá ọ̀mùtí mìíràn tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n mú un mọ̀ ni Robert Smith, dókítà oníṣẹ́ abẹ. Ẹ gbọ́ o, dókítà! Ó mọ ohun tí ìwé ìṣègùn sọ nípa ọtí, kò sì rí i fi sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló fẹ́ fún àlejò, ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n fi jókòó. Smith tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, àmọ́ nígbà tó di oṣù Kẹfà, ó mu ife ìkẹyìn, kò sì mutí mọ́ títí tó fi kú ní 1950. Bí Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mùtí tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èyí tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé Wilson kò lọ ṣàánú ẹnikẹ́ni. Orí ara rẹ̀ ló fẹ́ gbà là.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ oògùn. Ká ní ọmọkùnrin kan da tiẹ̀ sí gọ́tà, torí ẹnu rẹ̀ ń gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n débi pé ọbẹ̀ ń dà sí i láyà. Dókítà ní kó máa lò ó, ìyá ní kó máa lò ó. Kò sẹ́ni tó lò ó rí nínú wọn. Ẹni tó ti lò ó rí á ní, “Tèmi náà gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún dókítà, wọ́n dín in kù. Má ṣáà dá a dúró fúnra ẹ. Mo dá a dúró rí, kò pẹ́ tí ohùn tí èmi nìkan ń gbọ́ fi padà wá.” Òun náà ló mọ bó ṣe ń rí téèyàn bá wọlé tí gbogbo ilé dákẹ́, tí wọ́n sì ti kó ọ̀bẹ pamọ́.

Ìyá kò kúkú jẹ̀bi tán. Ẹni tí tiẹ̀ ṣì gbóná kò gbọdọ̀ gbé ẹrù ẹlòmíràn. Alábàárìn, ìyẹn ẹni tó ti ṣe irú àìsàn náà rí tó wá ń ti ẹlòmíràn lẹ́yìn, kì í kọ oògùn fúnni, kì í sì í ní kí wọ́n má lo èyí tí dókítà kọ. Bó bá sì gbọ́ lẹ́nu ẹnì kejì pé ó fẹ́ para rẹ̀, kò sí àṣírí mọ́ níbẹ̀: kó pe ẹbí àti ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kó má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan.

Ìyá lè tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kó gbé àga sí ẹ̀yìn díẹ̀, níbi tó ti máa rí wọn láìgbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.