Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Tún Ìwé Jàpáàn Yín Dì

Àwọn tí ń kó ìwé ìtàn ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì jọ ní èdè ilẹ̀ òkèèrè ti ń pọ̀ sí i nílùú Ilé-Ifẹ̀. Mi ò bá wọn jà. Paul McCartney, tó wà nínú ẹgbẹ́ Beatles tẹ́lẹ̀, wá gba orin sílẹ̀ l'Ékòó ní 1973, Ginger Baker náà bá Fela lu ìlù. Ó yẹ kéèyàn fẹ́ mọ bí àwọn ẹlòmíì ṣe sọ ọ́. Ipò tí ìwé wọ̀nyí fi ń dé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún ìwé ṣe ní Lágere ló ń bí mi nínú.

Kí ẹ mọ ibi tí ìwé ti wá kò le. Nínú ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sára ìwé, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé 978 ni kí ẹ wò: 2 fún èdè Faransé, 3 fún ti Jámánì, 4 fún Jàpáàn, 88 fún Ítálì. Èyí tó jáde ṣáájú 2007 kì í sábà ní 978 yẹn; nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ó tán.

Ti Jàpáàn gan-an ni wàhálà. Ọ̀pọ̀ ìwé wọn, apá ọ̀tún ni a ti ń ṣí i. Ẹ̀yìn pátápátá ni ojú ewé tó ní ọdún ìtẹ̀jáde wà. Bí ẹni tó gbọ́ èdè náà bá kà á fún yín pé Showa 50, ìyẹn ọdún kàádọ́ta nínú ìjọba ọba wọn ìgbà náà, ẹ fi 1925 kún un: 1975 nìyẹn. Ọ̀já bébà tó yí èèpo ká náà wà lára ìwé o, òun ni àwọn tó mọyì ìwé máa ń kọ́kọ́ bèèrè.

Bọ̀dá kan ra ìwé Beatles kan báyìí, ó ní wọ́n di iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Dípò kó bi ẹni tó mọ̀, ó gbé e lọ fún àwọn tí ń di pírójẹ́ẹ̀tì fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìyẹn fi ọ̀bẹ la ẹ̀yìn ìwé, ó tò ó láti apá òsì, ó da gọ́ọ̀mù sí i, ó gé etí rẹ̀ kó lè dọ́gba. Ó ní ọ̀já bébà yẹn, ìpolówó ọjà ni, ó jù ú nù. Ó fa ojú ewé ìkẹyìn ya, torí kò sí ìtàn níbẹ̀. Bọ̀dá wá ń bi mí pé èló ni mo lè bá òun tà á. Mo ní kó lọ bi ẹlẹ́pà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fa èèpo ya nítorí agbárí tí wọ́n yà sí i, tí ẹ ní ẹ̀mí èṣù ni, ikán kò bẹ̀rù agbárí. Kẹrosíìnì tí ẹ sì ń fi lé ikán, àbàwọ́n rẹ̀ kò ṣeé fọ̀.

Sẹ́lótéèpù ńkọ́? Háà! Nínú ooru, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á wọ inú bébà, á di pupa rúsúrúsú, téèpù á bọ́, àmì rẹ̀ á kù. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti sítáàṣì tí mo rò fúnra mi ni mo fi ń dí ojú ibi tó ya, omi lásán sì ń tú u lọ́jọ́ tí a bá fẹ́. A kọ́ṣẹ́ ni o. Bí ìwé yín bá ya, ẹ fi bébà funfun wé e, ẹ gbé e wá tòun ti gbogbo àjákù rẹ̀, ìbáà kéré bí èékánná.