Ààbò ìdánwò àṣekágbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìlọrin àti gúúsù Kwárà

Ìdánwò àṣekágbá ni ìdánwò tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama máa ń ṣe lọ́jọ́ kan náà àti ní wákàtí kan náà, tí àjọ tí kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ wọn gbé ìbéèrè rẹ̀ kalẹ̀, tí ó sì máàkì rẹ̀. Ààbò ìdánwò ni gbogbo ètò tí wọ́n ń ṣe kí ìbéèrè má baà jáde ṣáájú àkókò, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó ṣe é lórúkọ ẹlòmíràn, kí ìwé ìdáhùn má sì sọnù lójú ọ̀nà. Ní Ìlọrin, àti ní àwọn ìlú gúúsù Kwárà bíi Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo, ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀lé kò yàtọ̀ sí ti ibi yòókù ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n jíjìn ọ̀nà àti àìdúró iná ìjọba máa ń mú kí àwọn kan nínú rẹ̀ nira ju bí ó ti wà nínú ìwé lọ.

Àjọ tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù ni WAEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1952 fún àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì: Nàìjíríà, Gánà, Sẹ̀rà Líónì àti Gáḿbíà, kí Làìbéríà tó dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 1974. NECO, tí olú-ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Mìnà, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999. Máàkì wọn bẹ̀rẹ̀ láti A1, ó sì parí sí F9. Ẹni tó bá gba A1 títí dé C6 ni a ń sọ pé ó ní kírẹ́díìtì. Kírẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú wọn, ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè, kí ọmọ tó tún lọ dojú kọ ìdánwò JAMB, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1978. Bí ìwé kan ṣoṣo ṣe gbé ẹrù ọdún mẹ́fà karí nìyí, níbẹ̀ ni ìdí tí àwọn kan fi ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwé ìbéèrè kì í sùn ní ilé-ẹ̀kọ́. Ibi ìpamọ́ tí ó ní ààbò ni wọ́n ń kó o sí, òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò gan-an ni alábòójútó yóò sì lọ gbà á. Olùkọ́ láti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ni alábòójútó náà, kí ó má baà jẹ́ pé ọmọ tirẹ̀ ni ó ń ṣọ́. Nínú gbọ̀ngàn, ó máa ń gbé àpò ìwé náà sókè kí àwọn tó jókòó rí i pé wọn kò tíì já òǹtẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò gé e lójú gbogbo wọn. Wọ́n á kọ àkókò ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí sí ojú pátákó. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀, tí ó jẹ́ oní-díjíìtì mẹ́wàá: méje àkọ́kọ́ jẹ́ ti ibùdó, mẹ́ta ìkẹyìn jẹ́ tirẹ̀. Pẹ́ńsùlù HB ni ó fi ń kun àyè ìdáhùn tó bá yàn, nítorí pé ẹ̀rọ ni yóò ka ìwé náà. WAEC máa ń bọ́ sí oṣù karùn-ún àti ìkẹfà, ìgbà òjò. Bí òjò bá sì ń rọ́ lu òrùlé páànù, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ìkìlọ̀ olùṣọ́, àfi kí ó máa rìn láti ìjókòó dé ìjókòó.

Magomágo ìdánwò ní oríṣiríṣi ẹ̀yà. Àwọn kan ń kọ ìdáhùn sínú bébà pélébé tàbí sí ara itan, àwọn kan ń gbé fóònù wọlé, àwọn mìíràn ń san owó fún ẹni tí yóò jókòó dípò wọn. Èyí tó ń jà ràn-ìn jù ni jíjáde ìbéèrè, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ẹ̀kisipó. Orúkọ yìí gbilẹ̀ láti ọdún 1977, nígbà tí ìbéèrè WAEC jáde káàkiri Nàìjíríà. Ti “ibùdó ìyanu” tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé àwọn tó ni ilé-ẹ̀kọ́ fúnra wọn ló ń ta ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀; ọmọ tó ń gbé ìgboro lè lọ forúkọ sílẹ̀ ní abúlé tí kò kàwé níbẹ̀ rí.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀ràn náà. Òfin ológun ti ọdún 1984 ní kí ẹni tó bá jẹ̀bi lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 21. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 1999 fúyẹ́ jù ú lọ: owó ìtanràn 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún mẹ́ta lọ, tàbí méjèèjì, fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18; ṣùgbọ́n fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, olùkọ́ tàbí alábòójútó, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin ni, láìsí àyè owó ìtanràn. Ìyà tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sábà máa ń rí ní ti gidi ni kí wọ́n di èsì rẹ̀ mú tàbí kí wọ́n fagi lé e.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé ìṣọ́ kò parí ní gbọ̀ngàn. Kọ̀ǹpútà lè fi ìdáhùn àwọn tó wà ní ibùdó kan wé ara wọn. Àṣìṣe ni ó ń wò jù: ọmọ méjì lè gba ìbéèrè kan náà nítorí pé àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣi ogún ìbéèrè, tí wọ́n sì yan ìdáhùn òdì kan náà fún gbogbo ogún náà, ó ṣòro láti pè é ní èèṣì.

Ọdún 2025 fi hàn pé ààbò náà ní ìnira tirẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC pẹ́ gan-an, débi pé iná tọ́ọ̀ṣì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣe é ní àwọn ibùdó kan. WAEC ṣàlàyé pé akitiyan láti dènà jíjáde ìbéèrè ló fà á. Lọ́dún náà kan náà ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì àti Ọrọ̀-ajé padà láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan sí èkejì, kí ẹni tó wo ìwé ẹnìkejì má rí nǹkan kan jèrè. Nígbà tí èsì jáde ní oṣù kẹjọ, ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sọ pé ó ní kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ti ojú ìwé èsì náà pa, wọ́n rí àṣìṣe nínú bí wọ́n ṣe máàkì àwọn ìbéèrè tí wọ́n yí padà wọ̀nyẹn, iye náà sì di 62.96.

JAMB ti fi ìwé ìbéèrè sílẹ̀ pátápátá fún kọ̀ǹpútà láti ọdún 2015. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìlọrin tẹ́lẹ̀, ló di olùdarí rẹ̀ ní ọdún 2016. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ó sunkún ní gbangba bí ó ti ń tọrọ àforíjì fún àṣìṣe tó kan akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ní Èkó àti ìlà-oòrùn gúúsù, tí wọ́n sì tún ìdánwò ṣe. Ìjọba àpapọ̀ náà ti kéde pé kọ̀ǹpútà ni òun fẹ́ kí WAEC àti NECO máa lò.

Fún ọmọ tó ń gbé ní Ìsin tàbí Èkìtì Kwárà, ìdánwò kọ̀ǹpútà lè túmọ̀ sí kí ó ti ilé kúrò lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ó sùn sọ́dọ̀ ẹbí ní ìlú tí ibùdó wà. Ní ẹnu ọ̀nà, ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ìka tí iṣẹ́ oko ti họ lè má tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á ní kí ó nù ún mọ́ aṣọ, kí ó tún un tẹ̀, tàbí kí ó lo ìka mìíràn nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí ó fi sílẹ̀ nígbà tí ó forúkọ sílẹ̀.