Níbo gan-an ni Prokudin-Gorsky gbé kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀?

Ta ni Prokudin-Gorsky, kí ló sì dé tí àwọn ayafọ́tò fi ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀?

Ará Rọ́ṣíà ni, onímọ̀ kẹ́mísírì tó tún ń ya fọ́tò. Láti 1909 títí di 1915, Ọba Nicholas Kejì fún un láṣẹ láti rin ilẹ̀ náà káàkiri, ó sì ya ṣọ́ọ̀ṣì, odò, afárá àti èèyàn ní aláwọ̀. Nínú ọkọ̀ ojú irin tí ọba fún un ló ti ń fọ fọ́tò. Ó fi Rọ́ṣíà sílẹ̀ ní 1918, ó kú ní Paris ní 1944. Library of Congress ní Washington ra àwo gíláàsì rẹ̀ tó ṣẹ́kù, bíi 1,900, ní 1948. Ilẹ̀ tó yà ti di Soviet, Soviet náà sì ti tú ká. Ìdí nìyẹn tí William Brumfield, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ará Rọ́ṣíà fúnra wọn fi ń padà sí àwọn ibi tó dé, láti tún ya fọ́tò kan náà láti ojú ibi tó dúró sí gan-an.

Ẹ̀dà fọ́tò wo ni kéèyàn mú dání lọ?

Kì í ṣe aláwọ̀ o. Àwòrán dúdú àti funfun mẹ́ta ló wà lórí àwo kọ̀ọ̀kan, tó fi gíláàsì aláwọ̀ mẹ́ta yà ní tẹ̀léǹtẹ̀lé: ti búlúù lókè, ti àwọ̀ ewé láàárín, ti pupa nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá tò wọ́n léra kí àwọ̀ lè jáde, etí wọn kì í fìgbà gbogbo bára mu, omi tó ń ṣàn àti ẹni tó mira á sì yọ àwọ̀ lára. Ti pupa nìkan ni kí ẹ tẹ̀, ní dúdú àti funfun: ó máa ń la kùrukùru kọjá, òkè tó jìnnà á hàn kedere.

Mo ti rí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nínú fọ́tò àtijọ́. Ṣé kí n kàn máa yí lẹ́ńsì títí yóò fi bára mu?

Rárá. Lẹ́ńsì kàn ń fẹ àwòrán tàbí ń kó o jọ ni. Ibi tí ẹ dúró sí ló ń pinnu ohun tó bo ohun kejì.

Ẹ wá nǹkan méjì tó ṣì wà níbẹ̀, ọ̀kan nítòsí, ọ̀kan lókèèrè, bí igun ògiri àti ṣóńṣó ilé agogo. Bí ti òkèèrè bá bọ́ sí ọ̀tún ju ti fọ́tò àtijọ́ lọ, ẹ sún sí òsì. Òdìkejì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe, tí wọ́n á túbọ̀ máa ṣìnà.

Lẹ́yìn náà, lórí fọ́tò àtijọ́ àti lórí tiyín, ẹ fi rúlà wọn àlàfo ohun méjì tó wà nítòsí, kí ẹ wọn ti ohun méjì tó wà lókèèrè. Bí ti àtijọ́ bá jẹ́ mílímítà 60 sí 20, ìlọ́po mẹ́ta nìyẹn. Bí tiyín bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀, ẹ ti sún mọ́ ọn jù; ẹ padà sẹ́yìn. Ó wá ku gíga: bí òrùlé ẹ̀yìn bá yọ lórí ti iwájú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kámẹ́rà yín ga jù. Ìkan ń ba èkejì jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà ẹ tún wọn yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òkè tó jìnnà kì í fi àṣìṣe hàn. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló bára mu, ẹ ò tíì débẹ̀.

Ẹ má gbé imú kámẹ́rà sókè, ògiri á fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ gbé e dọ́gba, ẹ yà á fẹ̀ díẹ̀, kí ẹ gé etí rẹ̀ nílé.

Òjìji kò bára mu, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tó yà á ni mo lọ.

Kàlẹ́ńdà ni. Títí di 1918, ti Julian ni Rọ́ṣíà ń lò, ó sì fi ọjọ́ 13 wà lẹ́yìn tiwa: 10 July wọn ni 23 July wa. Ẹ má gbára lé aago, òjìji ni kí ẹ máa wò. Ẹni tí òjò bá ba 23 July jẹ́ mọ́ lọ́wọ́ lè padà wá ní nǹkan bí 20 May, oòrùn á tún gba ọ̀nà kan náà.

Bí ibi tó dúró sí kò bá sí mọ́ ńkọ́?

Ó ya ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní Leushino ní 1909; adágún ìsédò Rybinsk, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kún ní 1941, ti bò ó mọ́lẹ̀. Ó tún fẹ́ràn kó gun ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì láti yàwòrán ìlú, ìjọba Soviet sì wó púpọ̀ nínú wọn. Dúróònù lè rọ́pò ilé agogo, àmọ́ ó gba àṣẹ, ọ̀pọ̀ agbègbè sì ti fòfin dè é.

Igi ló ń dáni lóró jù. Pápá tí màlúù ń jẹ̀ nígbà náà ti di igbó. Ẹ dúró di October, kí ewé wọ́ kí yìnyín tó dé. Òjìji á yàtọ̀ sí ti fọ́tò àtijọ́, ẹ fara mọ́ ọn: ibi tí ẹ dúró sí ṣe pàtàkì ju ìmọ́lẹ̀ lọ.