Bí òróró lọ́fínńdà ṣe di ohun ìtọ́jú

Kò sí ilé Yorùbá tí wọn ò ti mọ lọ́fínńdà. Ohunkóhun tí a bá fín sára kó lè ta sánsán là ń pè bẹ́ẹ̀, kódà bí kò sí òdòdó kankan nínú rẹ̀. Àmọ́ orúkọ ewéko kan la yí padà sí ọ̀rọ̀ yẹn: lavender, tí òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò ń bo orí òkè ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ewéko yìí náà ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ dá lé. Ìdajì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbọ́, ìdajì tí wọn ò gbọ́ ló sì ń bó wọn lára.

Ní July 1910, onímọ̀ kẹ́mísìrì kan tó ń jẹ́ René-Maurice Gattefossé, tí iṣẹ́ lọ́fínńdà jẹ́ iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ ní ìlú Lyon nílẹ̀ Faransé, wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí nígbà tí nǹkan bú gbàmù, tí ohun tó ń jó dà bò ó. Ó yí gbiri lórí koríko títí iná fi kú. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti jóná. Kò pẹ́, egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, irú èyí tí kòkòrò àrùn ń mú kí afẹ́fẹ́ kó jọ sínú ẹran ara. Kò tíì sí pẹnisílìnì nígbà yẹn. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣe lè pàdánù apá tàbí ẹsẹ̀, ó sì lè bá a lọ. Gattefossé fi òróró lavender ṣan ọwọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé afẹ́fẹ́ tó ń kó jọ náà dáwọ́ dúró, òógùn bò ó yọ̀ọ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì, egbò bẹ̀rẹ̀ sí í jiná.

Wọn kì í sọ ọ́ báyẹn mọ́. Ohun tí wọ́n ń tàn kiri ni pé bí iná ṣe jó o, ó rí agbada lavender kan nítòsí, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ìrora sì lọ. Kò sí agbada kankan nínú ohun tí ọkùnrin náà kọ. Egbò tó ti ń jẹrà ló fi òróró ṣan, kì í ṣe iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó o. Àṣìsọ yìí kì í ṣe kékeré lójú mi. Ìyàwó àbúrò mi ń dín àkàrà lọ́jọ́ kan, epo gbígbóná ta sí i lápá. Ìtàn agbada ló ti kà, ló bá ṣí ìgò lavender, ó dà á sójú ibẹ̀ bó ṣe wà. Nígbà tí mo fi máa dé, ara ibẹ̀ ti pọ́n kọjá ibi tí epo ta sí, ó ń yún un, ó ń ta á. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí òun náà ni òyìnbó yẹn lò?” Omi tútù tó ń ṣàn ló yẹ kó fi apá sí fún 20 ìṣẹ́jú, kó tó ronú nǹkan míì rárá.

Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń pọn ògógóró ti mọ ibi tí agbára òróró yìí ti wá. Wọ́n á kó òdòdó tàbí ewé sínú ìkòkò ńlá, ooru omi á gba àárín rẹ̀ kọjá, á gba inú páìpù lọ síbi tó tutù, á sì padà di omi. Òróró á léfòó sórí omi náà, wọ́n á rọra bù ú. Kí òróró róòsì tó pé 1 kílò, òdòdó tó máa wọ inú ìkòkò lè tó 3,000 sí 4,000 kílò. Ẹ kán an sórí bébà funfun, kí ẹ kán epo pupa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Epo pupa á dúró síbẹ̀ títí ayé. Òróró olóòórùn á fò lọ sínú afẹ́fẹ́. Ohun tó le tó báyẹn kì í ṣe ohun tí a ń da sára bí àdín.

Ọdún 1937 ni Gattefossé gbé ìwé rẹ̀ jáde, ibẹ̀ sì ni orúkọ iṣẹ́ náà ti wá: aromathérapie, ìyẹn fífi òróró olóòórùn tọ́jú ara. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Jean Valnet, oníṣègùn ológun Faransé tó ṣiṣẹ́ nígbà ogun tí Faransé jà ní Indochina, níbi tí Vietnam wà, tẹ̀ lé e. Ìwé tirẹ̀ jáde ní 1964. Ojú oògùn ni àwọn méjèèjì fi ń wo òróró.

Ẹni tí mo kà sí ìyá iṣẹ́ yìí ni Marguerite Maury. Austria ni wọ́n bí i sí ní 1895, ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó wá ń gbé ilẹ̀ Faransé. Òun ló mú òróró kúrò lọ́wọ́ oníṣègùn nìkan, tó fi sínú àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń wọ́ra. Kò gba ẹnu, awọ ara ló gbà. Ó máa ń bu òróró tí a fún lára èso là á, á wá fi ra ẹni náà lẹ́yìn. Ó tún ń po ti oníkálukú lọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí ara ẹni náà ṣe rí. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, ó sì kú ní 1968. Bí mo bá rántí ìyá mi tó ń po kànáfùrù gígún mọ́ àdín kó tó fi ra oríkèé wa, mo mọ̀ pé bíbu nǹkan là kò ṣàjèjì sí wa.

Ìwọ̀n gan-an ló kù. Ní 1995, Robert Tisserand àti Tony Balacs gbé ìwé kan jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí ewu tó wà nínú òróró kọ̀ọ̀kan àti iye tí awọ lè gbà. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi rèé: ìgò dúdú tó gba 30 mílílítà, adí àgbọn nínú rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, adí náà á ti dì, mo máa ń gbé ìgò náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí á fi yọ́. Ẹ̀kán òróró olóòórùn 20 ló sábà ń pé mílílítà 1, nítorí náà, ẹ̀kán 12 nínú ìgò yẹn á jẹ́ ìdá 2 nínú 100, ìyẹn sì tó fún ara àgbàlagbà. Fún ojú àti ẹni tí awọ rẹ̀ ò gba nǹkan, ẹ̀kán 6 ni mi ò kọjá. Mo á kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí inú apá, mo á sì dúró di ọjọ́ kejì.

Àwọn òróró kan wà tí ìwọ̀n yìí gan-an pọ̀ jù fún. Òróró bergamot, èso kan tó jọ ọsàn, ní èròjà kan tí oòrùn ń bá jà, èèyàn tó fi í sára tó wá jáde sóòrùn lè jó bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé. Òróró wintergreen, ewéko kan tó ń rùn bí báàmù ìfipara, lágbára débi pé ṣíbí tíì kan ṣoṣo rẹ̀ ju hóró ásípírìn 20 lọ. Ọmọ kékeré tó bá gbé e mu lè kú. Ẹ má fi òróró eucalyptus tàbí peppermint sí imú tàbí ojú ọmọ ọwọ́, bó ti wù kí ọ̀fìnkìn dí i tó. Lavender tó ti pẹ́ lójú afẹ́fẹ́ náà máa ń yí padà, á wá di ohun tí awọ ń kọ̀.

Ìgò ìyàwó àbúrò mi ti wà lójú fèrèsé kíṣìnnì láti ọdún tó ṣáájú, ìdérí rẹ̀ ò sì dé dáadáa. A jọ da ìyókù nù. Tuntun tó rà, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ń gbé báyìí, ó sì fi bírò kọ ọjọ́ tó ṣí i sára rẹ̀.