Tentmaker: kí ni iṣẹ́ àgọ́ Pọ́ọ̀lù gan-an?

Tẹ́ ẹ bá ń bá àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ míṣọ́n rìn, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa fi gbọ́ ọ kí wọ́n sọ pé "tentmaker ni lágbájá", ìyẹn ẹni tó ń ṣe àgọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni yẹn ń wàásù, ó ń dá ìjọ sílẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ìjọ ló ń sanwó oṣù ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ló ń bọ́ ọ, ó lè jẹ́ tíṣà, ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó lè jẹ́ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọ̀dọ̀ àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù ni wọ́n ti mú orúkọ yẹn, mo sì fẹ́ ká wò ó dáadáa torí ó jọ pé àwa tá à ń ka Bíbélì Yorùbá ti ṣi iṣẹ́ ọkùnrin yìí mọ̀ díẹ̀.

Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 18 ẹsẹ 3 sọ pé "àgọ́ pípa ni iṣẹ́ ọnà wọn". Létí wa, ẹni tó ń pàgọ́ lẹni tó ń ri òpó mọ́lẹ̀ tó ń fa okùn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló jẹ́ pé tí wọ́n bá ti ka ibẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó máa ń gbé kánópì wá sí òde ìnáwó ni mo máa ń rí lọ́kàn mi. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀ ni skenopoios, ẹni tó ń ṣe àgọ́ fúnra ẹ̀, tó ń gé e, tó ń rán an, ẹni tó bá rà á ló máa lọ pa á síbi tó bá wù ú. Ohun tó fi ń rán an ni àwọn ọ̀mọ̀wé ò tíì fẹnu kò lé lórí. Àwọn kan ní aṣọ irun ewúrẹ́ ni, torí Tásù ní agbègbè Kílíkíà, lórílẹ̀-èdè Tọ́kì òde òní, ni wọ́n bí Pọ́ọ̀lù sí, aṣọ irun ewúrẹ́ ibẹ̀ sì lókìkí débi pé orúkọ agbègbè yẹn làwọn ará Róòmù fi ń pe aṣọ náà, cilicium. Àwọn míì ní awọ ni. Èyí ó wù kó jẹ́, ọ̀bẹ, abẹ́rẹ́ ńlá, òwú tó nípọn àti irin tí wọ́n fi ń lu awọ, gbogbo ẹ̀ á wọ inú àpò kan, ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dúró lójú kan lè gbé e kọ́ èjìká kó máa lọ.

Ẹ má sì rò pé torí pé kò kàwé ló ṣe ń rán àgọ́. Ọ̀dọ̀ Gàmálíẹ́lì ní Jerúsálẹ́mù ló ti kọ́ òfin, olùkọ́ ńlá nìyẹn. Láàárín àwọn Júù, ìwé ò dí iṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́, àwọn olùkọ́ wọn a tiẹ̀ máa sọ pé ojúṣe bàbá ni kó kọ́ ọmọ ẹ̀ níṣẹ́. Àwọn ọlọ́lá Gíríìkì àti Róòmù ni wọn ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá, lójú tiwọn iṣẹ́ ẹrú ni kéèyàn máa jókòó sí ṣọ́ọ̀bù fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yé mi jù ni Kọ́ríńtì, ìlú kan nílẹ̀ Gíríìsì. Nínú ìrìn àjò ẹ̀ kejì, òun àti Sáílà gba orí ilẹ̀ kọjá Éṣíà Kékeré, wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ sí Makedóníà. Ní Fílípì, wọ́n nà wọ́n, wọ́n tì wọ́n mọ́lé. Ní Tẹsalóníkà, ìlú dàrú, òru ni àwọn ará ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n tún wá wọn dé Bèróà. Pọ́ọ̀lù gba Átẹ́ńsì, ìgbà tó máa fi dé Kọ́ríńtì, nǹkan bí ọdún 50 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa tí à ń kà nínú kàlẹ́ńdà, òun nìkan ló kù, Sáílà àti Tímótì ò tíì bá a. Ẹ rò ó wò: àlejò, kò ní ìbátan níbẹ̀, ara ẹ̀ ṣì lè máa ta á láti Fílípì, ọ̀dọ̀ ta ló máa sùn?

Ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà ni. Àkúílà, Júù tí wọ́n bí ní Pọ́ńtù, àti Pìrìsílà ìyàwó ẹ̀, àwọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ítálì dé ni, torí Kèsárì Kíláúdíù ní kí gbogbo Júù kúrò ní Róòmù. Àwọn tí wọ́n lé nílùú wá gba ẹni tí wọ́n ń lé kiri wọlé. Ilé tó máa gbé, iṣẹ́ tó máa ṣe àti àwọn tó máa bá sọ̀rọ̀, ibì kan náà ló ti rí gbogbo ẹ̀.

Kọ́ríńtì sì jẹ́ ìlú tí iṣẹ́ yẹn máa lọ. Ó ní èbúté méjì, Lẹ́kíónì níwọ̀ oòrùn àti Kẹnkíríà níhà ìlà oòrùn, àwọn oníṣòwò ń wọlé, àwọn atukọ̀ ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe ìdíje eré ìdárayá ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú yẹn ní ọdún méjì méjì, tí èrò á ya bo ibẹ̀ tí wọ́n á sì nílò ibi tí wọ́n máa forí pa mọ́ sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó rí sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lọ́jọ́ tí aṣọ ò tíì parí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, kọ́sítọ́mà jókòó, aládùúgbò yà wá kí yín, ọ̀rọ̀ ń lọ ọ̀rọ̀ ń bọ̀, ọwọ́ oníṣẹ́ ò sì kúrò lára aṣọ. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kì í pariwo, ẹnu àti etí wà lófìfo. Ọdún kan àti oṣù mẹ́fà ni Pọ́ọ̀lù lò níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi, sínágọ́gù, àwọn ọjọ́ yòókù ńkọ́? Èmi ò gbà pé ó máa ń pa ìwàásù tì tó bá ti mú abẹ́rẹ́. Ẹ wo Àkúílà àti Pìrìsílà fúnra wọn, nígbà tó ń lọ sí Éfésù wọ́n bá a lọ, àwọn ni wọ́n wá pe Àpólò, ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ tó sì mọ Ìwé Mímọ́, tí wọ́n ṣàlàyé ọ̀nà Ọlọ́run fún un dáadáa. Ìdí iṣẹ́ àgọ́ ni tọkọtaya yẹn ti bá Pọ́ọ̀lù pàdé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń lo orúkọ Pọ́ọ̀lù nílòkulò. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí 9, ó jà fún un gidi pé oníwàásù lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹ níbi iṣẹ́ ìhìnrere, ó ní ta ló ń ṣiṣẹ́ sójà tó ń fi owó ara ẹ̀ bọ́ ara ẹ̀? Lẹ́yìn náà ló wá ní òun ò lo ẹ̀tọ́ yẹn. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń rìnrìn àjò nígbà yẹn máa ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń gbọ́ wọn, tàbí kí wọ́n wà lábẹ́ olówó kan, Pọ́ọ̀lù ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Kọ́ríńtì lè sọ pé òun lòun ń bọ́ ọ. Àmọ́ ó gba owó lọ́wọ́ àwọn ará Fílípì, wọ́n fi ránṣẹ́ sí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nígbà tó wà ní Tẹsalóníkà. Nígbà tí Sáílà àti Tímótì sì ti Makedóníà dé Kọ́ríńtì, ó jọ pé owó àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n mú dání, torí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló wá gbájú mọ́. Nítorí náà kì í ṣe pé ó búra pé òun ò ní gbowó láéláé. Ìjọ tó lówó lọ́wọ́, tó wá ń sọ fún pásítọ̀ tó ń fi gbogbo ọjọ́ ṣiṣẹ́ fún wọn pé kó lọ ṣe bíi Pọ́ọ̀lù, wọ́n ń rẹ́ ẹ jẹ ni.

Ní Éfésù, ó ń kọ́ àwọn èèyàn lójoojúmọ́ ní gbọ̀ngàn Tìránù fún ọdún méjì. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ kan fi kún un pé láti wákàtí karùn-ún sí ìkẹwàá ni, ìyẹn nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn mú táwọn tó kù ń sinmi. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń mú aṣọ tó kan ara ẹ̀ lọ bá àwọn aláìsàn, aṣọ ìnujú àti épírọ́ọ̀nù. Épírọ́ọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ iṣẹ́! Nígbà tó wá ń dágbére fáwọn alàgbà Éfésù ní Mílétù, ó ní àwọn fúnra wọn mọ̀ pé ọwọ́ òun yìí ló pèsè fún òun àtàwọn tó wà pẹ̀lú òun.

Lóde òní, àwọn orílẹ̀-èdè tí kì í fún míṣọ́nnárì ní vísà ni wọ́n ti ń lo ọ̀rọ̀ yìí jù. Dókítà lọ, ó ń tọ́jú aláìsàn, ó sì ń jẹ́rìí. Ìyẹn dáa. Àmọ́ ẹni tó kàn fi orúkọ kọ́ńpìnì sílẹ̀ tí kò ta nǹkan kan, tí kò ṣe nǹkan kan, èmi ò lè pè é ní tentmaker, torí àgọ́ tí Pọ́ọ̀lù rán, ẹnì kan san owó lé e, ó sì máa sùn sábẹ́ ẹ̀ tójò bá ń rọ̀.

Nílẹ̀ tiwa náà, kí míṣọ́nnárì kankan tó dé Abẹ́òkúta, àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, ti ń padà wálé láti Sàró (Sierra Leone) láti nǹkan bí ọdún 1839, oníṣòwò àtàwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló pọ̀ nínú wọn, àwọn onígbàgbọ́ inú wọn sì ti ń gbàdúrà nílé ara wọn kí Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tó débẹ̀ lóṣù Disẹ́ńbà 1842. Àjàyí Crowther tó ṣe aṣáájú nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé ní Sàró, lẹ́yìn tí wọ́n gbà á sílẹ̀ lóko ẹrú ní 1822.